Ògiri Ilé-Ìwé, Ọwọ́ Ọmọ: Èsì fún Alága Ẹgbẹ́ Òbí Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: Èmi ni alága PTA ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan níbí ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ wa tó 240. Ògiri wa gùn, ó sì dojú kọ títì. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gba ayàwòrán kan, ó ya àwòrán eré ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n sí i lára, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kejì tó dá, ọ̀dà ti ń ṣí. A fẹ́ ṣe òmíràn báyìí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn àti àwọn ará àdúgbò jọ ṣe é. Àwọn òbí kan ní ìfàkókòṣòfò ni, pé ìdánwò ló yẹ ká bójú tó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wọn yóò ya òrìṣà síbẹ̀. Báwo ni ọmọ 240 ṣe lè jọ ṣe iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo tí yóò lẹ́wà, tí yóò pẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì ní ju agbára wa lọ?

Èsì: Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀gá ilé-ìwé yín ló mọ ọ̀nà, ẹ dúró tì í. Ohun kan wà tí mo máa tẹnu mọ́ ju ìyókù lọ nínú èsì yìí: iṣẹ́ àgbàlagbà ni láti pèsè ààyè, ohun èlò àti ìlànà, iṣẹ́ ọmọ ni láti ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí ọmọ bá sì ti ṣe, kí àgbàlagbà kankan má ṣe tún un ṣe. Mo ti rí ògiri tí wọ́n ní “àwọn ọmọ wa ló yà á,” tó sì jẹ́ pé ayàwòrán ló fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo ilà rẹ̀, àwọn ọmọ kàn kun inú rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sílé tán, ayàwòrán padà wá, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gún etí gbogbo rẹ̀ régé. Ọmọ tó kùn ún kò ní ṣàì mọ̀. Bó bá dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò rí i pé ojú ẹja tí òun yà ti di ojú ẹja ẹlòmíràn, ohun tí yóò sì kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ òun kò dára tó láti wà lára ògiri ilé-ìwé òun.

Ìlú tí ẹ wà gan-an tó láti fi ọkàn yín balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà láti yunifásítì kankan. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń ṣètò iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven, òṣèré sì ni Múráínà Oyèlámì. Nígbà tí Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ fún wọn ní 1964, kò kọ́ wọn láti máa yàwòrán bíi tirẹ̀. Ó kó ohun èlò fún wọn, ó ń wo ohun tó ń ti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, ó sì ń ti oníkálukú lẹ́yìn síbi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè ṣi iṣẹ́ Bùráímọ̀ mú fún ti Seven-Seven, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Orúkọ Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló jọ ṣe àwọn ère inú igbó náà pẹ̀lú rẹ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di pé ó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Igi ni Kàsálì Àkàngbé Ògún ń gbẹ́, àwọn ère rẹ̀ sì máa ń gùn gbọọrọ, ojú wọn a tẹ́ẹ́rẹ́. Ti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí nìyí, òkúta tó kúkúrú, tó ranjú mọ́ni. Àwọn ọwọ́ yìí kò jọra rárá, wọ́n sì jọ wà nínú igbó kan ṣoṣo láìsí pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́. Bí mo bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lè jọ wà lójú ògiri kan láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Èyí tún sọ ẹni tó yẹ kí ẹ pè nínú àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òbí máa ń rò pé ayàwòrán nìkan ni wọ́n nílò. Ẹ wá bíríkìlà tó jẹ́ bàbá ọmọ kan nínú ilé-ìwé yín, ẹ wá káfíńtà, ẹ wá ìyá tàbí ìyá àgbà kan tó mọ aró pa. Àwọn wọ̀nyí ni ìlú fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo látayébáyé, inú wọn yóò sì dùn pé wọ́n pe àwọn síbi tí wọn kì í sábà pè wọ́n sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí ògiri. Kò dá mi lójú pé ọ̀dà ayàwòrán yẹn ló burú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, òjò náà sì ń wọ inú rẹ̀ láti orí bí wọn kò bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó lókè. Bí oòrùn bá ràn, omi yẹn á fẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ gloss, ìyẹn ọ̀dà olóròóró tó ń dán, ni wọ́n fi kùn ún, ọ̀dà náà ti dí gbogbo ojú ihò; omi kò rí ibi gbà, á wá ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Iyọ̀ funfun tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ ògiri, òun náà ni àmì rẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan: ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara bí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí ìrì bá ṣẹ̀ sínú rẹ̀, ògiri yẹn mu omi. Ẹ tún fi ìka kan ojú ògiri káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ti fẹ́ ṣí, kí bíríkìlà sì há a kúrò. Bí ẹ bá rẹ́ ògiri lákọ̀tun, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i.

Ní tèmi, n kò ní dábàá ọ̀dà fún ògiri tó dojú kọ títì, tí kò ní òrùlé lórí. Bó bá pọn dandan kí ẹ lo ọ̀dà níbì kan, bíi inú kíláàsì tàbí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, emulsion olómi ni kí ẹ rà, kí ẹ sì béèrè èyí tí kò ní òjé. Láti 2021 ni NAFDAC ti fi òfin de òjé inú ọ̀dà, pé kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, nítorí pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀dà àjókù tí kò ní orúkọ lára wá fún yín, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo dábàá fún ògiri yín ni àfọ́kù. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àfọ́kù àwo tánganran kan tàbí àfọ́kù táìlì kan wá láti ilé. Kò sí ilé tí kò ní àwo tó ti fọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé 240 ti ní nǹkan lójú ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, títí kan ilé òbí tí kò lówó ìdáwó. Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjòjì sí wa. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ju ọdún 500 lọ, wọ́n to àfọ́kù ìkòkò náà ní ẹ̀gbẹ́ sínú ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹsẹ̀ èèyàn àti òjò kò sì rí i parẹ́ títí dòní. Ọmọ Òṣogbo sì ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù: ìgbà tí Ọlútímẹ́hìn àti Láróòyè kọ́kọ́ dé etí odò, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ó sì fọ́ àwọn ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Olùkọ́ tó bá sọ ìtàn yìí kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kan àfọ́kù kò ní wá àlàyé mìíràn ṣe fún wọn.

Kì í ṣe gbogbo àfọ́kù ló dára o. Ẹ má gba ìgò, ó ń gé ọwọ́. Ẹ má gba abọ́ irin tí wọ́n fi nǹkan dídán bò lójú, torí pé irin inú rẹ̀ yóò dógùn-ún, ìpẹtà rẹ̀ yóò sì máa ṣàn lójú ògiri. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ ṣeé lò, àmọ́ kì í le tó táìlì, torí náà ẹ fi í síbi tí ọ̀wààrà òjò kò ti ní máa lù ú. Àgbàlagbà ni kó fọ́ àwọn tó bá tóbi. Kó kó wọn sínú àpò ọ̀rá líle, kó fi hámà lù ú, kó wọ gíláàsì ojú, kó sì fi òkúta ìpọ́nbẹ ra etí tó bá mú kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà ṣe é wá nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń dàrú. Ọmọ kò lè dúró níwájú ògiri nínú oòrùn, kó máa na apá sókè, kó sì ronú. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀. Káfíńtà yóò kan férémù pákó, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, ínṣì kan àbọ̀ ní jíjìn. Ọ̀rá ni wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Inú rẹ̀ ni wọn yóò da sìmẹ́ǹtì sí, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́ta, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì wáyà láàárín kó má baà là. Síláàbù kan yóò wúwo tó bíi kìlógíráàmù 8, àgbàlagbà kan sì lè dá a gbé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì jọ ni síláàbù kan. Bí àwọn ọmọ Prámárì 4 dé 6 bá jẹ́ 120, síláàbù 60 nìyẹn. Ẹ tò ó ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn sí 5 ní gíga, ó pé ojú ògiri kan dáadáa. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ àti èyí tí wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kò yẹ kó ju àpò 3 lọ.

Sìmẹ́ǹtì tútù ń jó ara, nítorí náà ọmọ kò gbọ́dọ̀ po ó, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó bá ọwọ́ ọmọdé mu, ẹ gbé omi sítòsí, kí ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì sì dúró síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé eruku rẹ̀ sójú àwọn ọmọ. Sìmẹ́ǹtì kì í sì í dúró de ẹni tó ń ronú. Láàárín wákàtí kan, pàápàá nínú oòrùn, ó ti ń le. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ to àfọ́kù wọn tán lórí bébà ní ọjọ́ tó ṣáájú: ẹ gé bébà àpò sìmẹ́ǹtì ní ìwọ̀n férémù, kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n jà lé e lórí, kí wọ́n sì parí ìjà. Lọ́jọ́ kejì, wọn yóò kàn máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí bébà sínú sìmẹ́ǹtì ni, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ títí tí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ yóò fi rì. Ẹ fi àpò tútù bo síláàbù náà, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́, torí pé ọyẹ́ máa ń fa omi inú sìmẹ́ǹtì kó tó gbó.

Ìbéèrè tó kàn ni bí síláàbù 60, tí ọmọ 120 ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe lè di iṣẹ́ kan. Níbí ni ayàwòrán yín ti máa gba owó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Kó fa odò kan la gbogbo ojú ògiri kọjá lórí bébà, látòkè lápá òsì títí dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kó yà, kó pín, kó padà pàdé. Kó wá pín àwòrán náà sí ojú 60. Lórí etí síláàbù kọ̀ọ̀kan, kó fi àmì sí ibi tí odò ti wọlé àti ibi tó ti jáde, tàbí kó sọ pé odò kò dé ibí. Àfọ́kù aláwọ̀ aró nìkan ni wọn yóò lò fún odò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lo àwọ̀ yẹn fún nǹkan mìíràn. Ìlànà méjì péré nìyẹn: odò gbọ́dọ̀ gba ibi àmì, àwọ̀ odò sì jẹ́ ti odò nìkan. Gbogbo ohun tó kù nínú síláàbù jẹ́ ti ọmọ méjèèjì tó ni ín. Bí wọ́n bá fi ẹja olórí méjì síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ máṣíìnì tí ìyá wọn fi ń ránṣọ ni wọ́n gbé sétí odò, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá to síláàbù sójú ògiri, tí odò ọmọ kan wọnú odò ọmọ tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí, ẹ ó rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sójú àwọn ọmọ yẹn.

Wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín pé, “Bí ọmọ kan bá ṣe tirẹ̀ ní ìdọ̀tí ńkọ́?” Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu òbí àti olùkọ́. Ohun tí àgbàlagbà ń pè ní ìdọ̀tí, lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà lè sọ ohun tó jẹ́ fún yín bí ẹ bá béèrè. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fún un ní bébà mìíràn ní ọjọ́ tó ṣáájú sìmẹ́ǹtì, kó tún un tò fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ gbé síláàbù sókè fún un, ẹ po sìmẹ́ǹtì fún un, ṣùgbọ́n ẹ má ki ọwọ́ yín bọ kèrègbè rẹ̀.

Ní ti ògiri, kí bíríkìlà ṣá ojú rẹ̀ kó lè gba sìmẹ́ǹtì mú, kó fi omi rin ín, kó sì kọ́ ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù kékeré nísàlẹ̀ kí ìlà àkọ́kọ́ lè jókòó lé e. Ojúmọ́ kan kọ́ ni wọn yóò to gbogbo rẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì lóòjọ́ ti tó, kí tìsàlẹ̀ gbẹ kó lè gbé tòkè. Bó bá rí i pé ògiri náà kò le tó láti ru ú, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kó kọ́ ògiri kúkúrú tuntun fún un.

Àwọn ọmọ kékeré, Prámárì 1 dé 3, kò yẹ kí wọ́n sún mọ́ sìmẹ́ǹtì. Fún wọn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo yàn, n kò sì rò pé ohun tó dára jù ú lọ wà fún ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ẹ ṣáà wo bí àwọn ìyá wa ṣe ṣètò àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn tàbí Olókun: wọ́n pín aṣọ sí ojú onígun mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀. Aṣọ tó ti pín ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ nìyẹn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ra aṣọ òwú funfun, ọ̀pá 2 àbọ̀ ní gígùn, ọ̀pá kan níbùú. Ẹ pín in sí ojú ínṣì 9. Ojú 40 ni yóò jẹ́ gẹ́lẹ́. Aṣọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ti tó ọmọ 120, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀.

Ìyá aláró yóò se láfún pẹ̀lú omi àti álọ́ọ̀mù títí tí yóò fi ki, yóò sẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ yóò fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ fà á sójú aṣọ. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é, kò sì ní májèlé nínú tó bá jẹ́ láfún ni, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má tọ́ ọ wò nítorí álọ́ọ̀mù. Nígbà tó bá gbẹ nínú oòrùn, ọwọ́ àgbàlagbà ló kù. Aró òde òní pẹ̀lú kẹ́míkà kọ́síìkì àti hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ fi ń pa á, àwọn méjèèjì léwu, èéfín wọn pàápàá kò dára fún ọmọ. Ẹ gbé aṣọ lọ sílé aláró. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń fi ewé elú àti omi eérú ṣe é nínú ìkòkò, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó láti ọ̀ọ́kán, kí wọ́n rí bí aṣọ ṣe ń jáde ní àwọ̀ ewé, tó sì ń di aró lójú wọn bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn a ha ẹ̀kọ náà kúrò, ohun tí àwọn ọmọ yà a sì yọ funfun. Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ sínú gbọ̀ngàn tàbí ọ́fíìsì, níbi tí oòrùn kò ti ní máa pa á.

Nípa òrìṣà: mùsùlùmí, kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti onísẹ̀ṣe jọ ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé yín, ó sì yẹ kí gbogbo wọn lè kọjá níwájú ògiri náà láìgbé ojú kúrò. Ẹ má ṣe fún wọn ní kókó ọ̀rọ̀ látòkè. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan láti gbé lọ sílé: “Iṣẹ́ wo ni àwọn àgbà ilé wa ń ṣe, kí ni wọ́n sì fi ń ṣe é?” Ìdáhùn yóò kún ọwọ́ yín: aró, irin alágbẹ̀dẹ, ọkọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, rélùwéè, ìwé, kèké Màrúwá. Odò tí ń ṣàn láàárín ìlú jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ èyí fún àwọn òbí nínú ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi bébà odò náà hàn wọ́n. Ẹ̀rù máa ń dínkù nígbà tí èèyàn bá ti fojú rí nǹkan. Ohun tí mo máa fi gbogbo agbára kọ̀ ni kí olóṣèlú tàbí ilé-iṣẹ́ kankan fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kó sì ní kí wọ́n fi àwòrán tàbí àmì òun sáàárín iṣẹ́ ọmọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí bébà.

Ìdánwò kò ní jìyà bí ẹ bá mú àkókò dáadáa. Táàmù kejì ló dára jù, láti oṣù kìíní: òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn Prámárì 6 kò sì tíì wọnú hílàhílo àṣejáde wọn. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ní àkókò iṣẹ́ ọnà tó ti wà lórí tábìlì ẹ̀kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ti tó. Bí òbí bá ṣì ń ṣàròyé, ẹ pè é wá wo ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń pín ọ̀pá 2 àbọ̀ sí ojú ínṣì 9. Ìṣirò gidi ni. Kí ọ̀gá ilé-ìwé sì kọ̀wé sí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ògiri, torí ti ìjọba ni ògiri náà.

Ẹ san owó ayàwòrán. Kò yẹ ká máa bẹ oníṣẹ́ ọnà pé kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ “nítorí ọmọ,” nígbà tí a kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya odò, láti kọ́ àwọn olùkọ́, láti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, àti pé kò ní fọwọ́ kan ohun tí ọmọ bá tò. Bí ẹnì kan bá ní òun kò lè gba ìyẹn, ẹ wá ẹlòmíràn. Lára owó tí ẹ bá rí, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, torí pé àfọ́kù kan yóò bọ́ lọ́jọ́ kan. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣàìkirè máa ń tún un kùn lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó sọ pé iṣẹ́ ti ọdún tó kọjá kò dára. Bí òjò bá ti dá lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí Prámárì 5 yẹ ògiri náà wò pẹ̀lú bíríkìlà, kí wọ́n fi àfọ́kù tiwọn dí ibi tó bá bọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wọlé lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí náà yóò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ọmọ méjèèjì tó ni síláàbù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi í sí ọ́fíìsì. Lójú ògiri, nọ́ńbà nìkan ti tó. Kì í ṣe gbogbo òbí ló fẹ́ kí orúkọ ọmọ òun wà lójú títì, ẹ sì gba àṣẹ wọn kí ẹ tó gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí Facebook. Ní báyìí, ẹ lọ lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ògiri ní ibi mẹ́ta, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, kí ẹ tó pe ìpàdé.